Ejò tó ń yé, ejò tó ń bímọ

Nínú àbàtà àti igbó láti Ajah dé Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ọ̀nà méjì ni ejò ń gbà bí sí i. Òjòlá àti sèbé ń yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀ bí awọ. Òjòlá ńlá lè yé ju 50 lọ sínú ihò ẹranko. Kò ní fi wọ́n sílẹ̀: á ká ara yí wọn po fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta títí wọn yóò fi pa, ebi ì báà máa pa á. Ìfaradà tó yẹ fún ìyìn ni.

Ọ̀ká kì í yé síta. Inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń dàgbà nínú awọ fẹ́lẹ́, fún oṣù méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó bí wọn láàyè, nígbà mìíràn 20 sí 40. Láti ọjọ́ ìbí wọn ni oró ti wà lẹ́nu wọn. Ìyá kì í sì í tọ́ wọn.