Láti Pápá Àjàó Dé Ibi Tí Òkun Ti Ń Jẹ Ilẹ̀

Láàárọ̀ Sátidé kan la gbéra ní Pápá Àjàó, kí àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwa mẹ́ta ni: dẹ́rẹ́bà, èmi, àti ìyá kan tó ti din ẹja tà ní Bar Beach rí.

Mo fi fóònù sí iwájú mọ́tò, mo ní kó máa ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Ní wákàtí méjì, ó ya 1,440. Tí 24 bá ń sáré kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìrìnàjò wa di ìṣẹ́jú kan péré! Mushin fò kọjá, Ojúẹlẹ́gbà fò kọjá. Gosiló tó mú dẹ́rẹ́bà wa ṣépè (ẹ má bèèrè irú èpè) kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Nígbà tí a dé Victoria Island, ìyá ní ká dúró. Ilé gogoro Eko Atlantic ló ń wò.

"Ọmọ mi, Bar Beach dà?"

Òkun ò kàn ṣàdédé bínú o. Ìjọba òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sẹ́nu èbúté Èkó ní 1908, kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè wọlé. Yanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn wá há sẹ́yìn òkúta. Bar Beach kò rí yanrìn gbà mọ́, omi bá ń jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2012, ó ya wọ Kuramo, ó sì gbé èèyàn lọ.

Fóònù mi ò lè rí ìyẹn ní wákàtí méjì. Àmọ́ Google ti to fọ́tò tí sátẹ́láìtì ń yà láti 1984 tẹ̀léra, ọdún kan lórí èkejì. Mo ṣí i fún ìyá. Ó rí bí etíkun ṣe ń sún wọlé, títí wọ́n fi da yanrìn Eko Atlantic tó ti omi padà.

A tún lọ sí Okun Alfa, lọ́nà Lẹ́kí, níbi tí omi ti gbé ilé lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ní láti ìgbà tí wọ́n ti mọ odi Eko Atlantic lòkun ti kọjú sí àwọn.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ìyá ní, "Dá a padà sí 1984 fún mi."

Mo dá a padà. Àwòrán ọ̀hún ò mọ́lẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó ń fi ìka wá ibi tó máa ń gbé agbada kaná.