Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òǹkàwé ìwé yìí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ń tì mí lójú púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, n kò mọ ibòmíràn tí ó yẹ kí n ti sọ ọ́, nítorí pé ẹ̀yin gan-an ni mo pa irọ́ fún.

Ẹ óò rántí ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ wa gba ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti wo igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. A rìn láàárín àwọn ère ńláńlá wọ̀nyẹn, a ya àwòrán, ẹnu sì ń yà wá pé obìnrin òyìnbó kan ni ó ṣe agbátẹrù iṣẹ́ tí ó tó báyìí, òun àti àwọn oníṣọ̀nà ọmọ Yorùbá bí Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo yín lẹ́nu. Mo ní kí ẹ dákẹ́, kí ọmọ Ẹdẹ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Ẹdẹ ni Adùnní ti di olórìṣà kí Òṣogbo tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Mo sọ fún yín pé Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀, pé ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915, àti pé ní ọdún 1950 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Ìbàdàn, níbi tí ọkọ ti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo sọ bí ikọ́ ife ti dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n ti wá gbé ní Ẹdẹ, àti bí ó ti bá Ajagẹmọ pàdé, ẹni tí í ṣe olórí àwọn olùbọ Ọbàtálá ní ìlú wa. Obìnrin yìí kò gbọ́ Yorùbá nígbà náà, Ajagẹmọ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè, mo tilẹ̀ fi eléyìí ṣe àwàdà, mo ní bí a bá lè gbọ́ ara wa yé báyẹn, kí ni a tún ń fi gírámà dá ara wa lóró sí? Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo ní ó gba òrìṣà, ó kọ́ bí a ti ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó fẹ́ onílù kan tí ń jẹ́ Àyánṣọlá ní ọdún 1959, ó sì jókòó sí Òṣogbo títí ó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn ọkọ̀ pé, "Ẹ̀yin ará Ẹdẹ mà ṣe bẹbẹ o!" Orí mi wú.

Kò pẹ́ ni a dé Ẹdẹ, ọkọ̀ sì dúró ní gáréèjì kí a lè ra nǹkan jẹ. Bí mo ti ń san owó àkàrà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí láti ẹ̀yìn pé, "Àjàní!" Mo yíjú padà. Ọkùnrin kan ni, ó ró aṣọ funfun, irun orí rẹ̀ ta kókó bí ti dàda, ó balẹ̀ dé èjìká, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú fún aró títí dé ìgúnpá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ aláró náà sí mi. N kò gbà á. Ọ̀kan nínú yín bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Mo dáhùn pé, "Ará àdúgbò wa kan ni. Orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé." Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá yín rẹ́rìn-ín.

Ó gbọ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó kí gbogbo yín pé ẹ kú ìrìn, kí Ọlọ́run mú yín dé ilé láyọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa dáadáa, ó yẹ kí ẹ ti fura: ta ni kì í ṣe ará ilé ẹni tí yóò pe oríkì ẹni báyẹn ní àárín gáréèjì?

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi ni. Òun ni ó di ọwọ́ mi mú lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ.

Akọ̀wé báǹkì ni tẹ́lẹ̀. Ó ń wọ táì, ó ń gba owó oṣù, àwọn ìyá àdúgbò wa sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Ní ọdún kẹrin sẹ́yìn ni ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó ní aró ni òun yóò máa rẹ, àdìrẹ ni òun yóò máa ya. Àwọn ènìyàn ní, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìyẹn? Èyí kò tí ì tán nílẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olùbọ Ọbàtálá jókòó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, tí kò gé irun mọ́, tí kò sì sọ̀rọ̀ ìyàwó rárá. Bàbá wa, tí ó ti lọ sí Mẹ́kà, tí ó sì ń dúró ní ìlà iwájú ní mọ́sáláṣí, sọ fún un pé ilé òun kò gba olórìṣà. Ẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ọjọ́ náà láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà náà wá, ìyá wa a máa fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀, èmi ni ó sì máa ń rán bí mo bá wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: nígbà tí owó ìwọlé mi sí yunifásítì kò pé, owó àdìrẹ ni ó dí i. Ọwọ́ aláró tí mo kọ̀ ní gáréèjì ni ó san án.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ti Òṣogbo dé, n kò lè sùn. Mo bi ara mi pé, kí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe tí Adùnní kò ṣe? Adùnní fi ọ̀nà àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ òrìṣà, ó ya àdìrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. A fún ọ̀kan ní orúkọ dídùn, a pe èkejì ní wèrè. Ohun tí a fi ń yin àlejò ni a fi ń lé ọmọ bíbí inú wa. Bí òyìnbó bá ró aṣọ funfun, a ní ó fẹ́ràn àṣà wa. Bí ọmọ wa bá ró o, a ní ayé ti bà á jẹ́. Yorùbá ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n àwa a máa dúró títí àlejò yóò fi sọ fún wa pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Kì í ṣe pé ọ̀nà Adùnní rọrùn o. Nígbà tirẹ̀, àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wò ó bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, inú àwọn ará wa kan tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kò sì dùn sí ère tí ó ń mọ. Ọdún púpọ̀ ni ó fi dúró sí ojú kan kí a tó gbà pé orí rẹ̀ pé.

Bí mo sì ti ń ronú, mo rí i pé ẹni tí kò tọ ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn tí a fi ń yangàn ní Ẹdẹ. Tìmì Àbíbù Lágúnjú gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ọba Yorùbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àjèjì ni nígbà náà. Lónìí òun ni ọ̀nà bàbá mi. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti ọdún 1946 títí di 1975, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ohun tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Àyàn, tí a kò mọ̀ mọ́ ọba. Lónìí, bí a bá dárúkọ rẹ̀, ìlù ni a kọ́kọ́ ń rántí. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

N kò dá bàbá mi lẹ́bi tán. Ẹ̀rù ọ̀run ń bà á nítorí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù ẹnu ayé sì ń bà á nítorí ara rẹ̀. N kò sì sọ pé gbogbo ohun tí ó bá ti yàtọ̀ ni ó dára. Ẹni tí ó bá ní ọ̀nà tòun ni láti lu ènìyàn ní jìbìtì, kí ọlọ́pàá bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rẹ aró, tí ó ń bọ ohun tí àwọn baba ńlá wa bọ, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí ni ó fi ṣe wá?

Nínú ọdún Ọbàtálá ní Ẹdẹ, Ajagẹmọ àti olórìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Olúwin a máa bá ara wọn jà lójú agbo, ìjà tí a fi ijó jà. Olúwin a ṣẹ́gun, a mú Ajagẹmọ lọ sí ìgbèkùn, Ajagẹmọ kì í sì í gbẹ̀san. Ó di ìgbà tí Tìmì bá san owó ìràpadà kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ayọ̀ gbé e padà wá. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ nípa èyí, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà ni ó tó yé mi pé ẹni tí ó yẹ kí ó san owó ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà ní gáréèjì. Èmi ni mo jẹ gbèsè.

Nígbà tí a gba ìsinmi Iléyá, mo lọ sí ilé rẹ̀. Ó ń ro aró nínú ìkòkò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú."

Ó ní, "Nítorí kí ni?"

Mo ní, "Nítorí ọjọ́ gáréèjì."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ojú ni ó tì ọ́. Ojú ti èmi náà fún ọdún méjì kí n tó kúrò ní báǹkì. Dìde, iyanrìn ń lẹ̀ mọ́ ọ lára." Ó bu omi tútù fún mi mu, ó sì ní kí n bá òun di apá kejì aṣọ mú kí ó má baà wọ́ nílẹ̀.

Ní ọjọ́ Iléyá, bàbá mi jókòó ti ẹran, ó ń pín in bí ó ti máa ń pín in lọ́dọọdún: ti ìmáàmù, ti àwọn aládùúgbò, ti àwọn àna. Nígbà tí ó kù díẹ̀, ó gé apá kan tí ó dára, ó gbé e sí ọ̀tọ̀, ó ní, "Gbé eléyìí fún ìyá rẹ. Ó mọ ẹni tí yóò fún." Kò wò mí lójú. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé láti ọdún kẹrin yìí wá ni ó ti mọ ibi tí ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ń lọ.

Kò tí ì pè é wálé. Èyí wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n gbèsè tèmi, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, mo ń san án níhìn-ín lójú gbogbo yín. Ọkùnrin aláró tí ẹ rí ní gáréèjì Ẹdẹ, orí rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí ẹgbẹ́ wa bá tún ń lọ sí Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé rẹ̀, kí n lè mú yín mọ̀ ọ́n.