Ta Ni Yóò Sọ Pé Akọni Ti Gòkè?

Bí ẹ kò bá tí ì jókòó sídìí eré akọni orí tábìlì rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Eré tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń fi ẹnu, bébà àti dáìsì ṣe ni. Olùdarí kan yóò máa ròyìn ìlú, igbó àti iwin inú ìtàn. Olúkúlùkù àwọn yòókù yóò ní akọni kan tí ó ń ṣojú fún. Bí akọni mi bá fẹ́ fo odò, n ó ju dáìsì olójú ogún sílẹ̀, iye tí ó bá jáde ni yóò sọ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ tàbí ó ṣubú sómi. Bí a ti ń pàdé láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, akọni yóò máa lágbára sí i. Ìpele ni a ń pe àtẹ̀gùn tí ó ń gùn náà.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni èmi àti àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ń ṣe ní Agbalata, ní Àgbádárìgì, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan tí ó máa ń tì ní ọ̀sán Sátidé. Èmi ni olùdarí, èmi ni mo sì ń kọ òfin rẹ̀. Ìlú inú eré wa wà létí ọ̀sà, gẹ́gẹ́ bí Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ ti wà, ó sì ní ọjà tí ènìyàn àti iwin jọ ń ná. Ìlú kò ṣòro láti dá. Ìpele ni ó gba oorun lójú mi, nítorí ẹni tí ó bá ń ṣètò ìpele ní láti dáhùn ìbéèrè kan tí kì í ṣe ti eré nìkan: kí ni ó ń mú ènìyàn dàgbà, ta ni ó sì ń jẹ́rìí sí i?

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, òun sì ni baba irú eré yìí. Nínú ìwé kékeré mẹ́ta àkọ́kọ́ náà, jagunjagun ní láti kó àmì ìrírí 2,000 jọ kí ó tó dé ìpele kejì, 4,000 fún ìkẹta, 8,000 fún ìkẹrin. Àlùfáà kò nílò ju 1,500 lọ láti kúrò ní ìpele kìíní; onídán ní láti ní 2,500. Níbo ni àmì ti ń wá? Díẹ̀ wá láti inú ìwin àti ẹranko tí akọni bá pa, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù wá láti inú ìṣúra: ẹyọ wúrà kan, àmì kan. Owó ni ó ń sọni di àgbà. (Ẹni tí ó bá ń gbé lẹ́bàá ọjà mọ̀ pé èyí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.) Ìwé náà tún fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní orúkọ oyè: jagunjagun tí ó dé ìkẹrin ń jẹ́ Akin, èyí tí ó dé ìkẹsàn-án ti di Ìjòyè. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tí ó jọ tiwa.

Ẹ̀dà ọdún 2014 ti yí ìṣirò padà: 300 fún ìpele kejì, 900 fún ìkẹta, 2,700 fún ìkẹrin, 6,500 fún ìkarùn-ún, títí tí ó fi dé 355,000 fún ogún. Ìbẹ̀rẹ̀ yára kí ọwọ́ ẹni tuntun lè tètè kan adùn, lẹ́yìn náà ni òkè wá ń ga. Ìpele karùn-ún ni ojú ọ̀nà ti ń yà, torí níbẹ̀ ni jagunjagun ti ń lè kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bí akọni onípele kejì bá wà láàrin wọn, ìkọlù kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn kọ ìpele sílẹ̀ pátápátá. RuneQuest, tí ó jáde ní 1978, kò ní in. Iṣẹ́ tí akọni bá ṣe ní àṣeyọrí ni ó ń mọ̀ sí i.

Lọ́dọ̀ tiwa, D. O. Fágúnwà ti kó ẹgbẹ́ akọni jọ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú eré Gygax. Ẹ̀bùn Ìmọ̀dòye yàtọ̀ sí ti Olóhùn-iyọ̀, ti Kàkó sì yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó ń ka àmì fún wọn. Ìdílé Àyàn náà ní àtẹ̀gùn tiwọn: ọmọ kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀, ìlù kéékèèké ni ó ń kọ́kọ́ lù, àwọn àgbà tí ń gbọ́ ọ ni yóò sì mọ̀ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀.

Èyí ni mo fi gbé ọ̀nà méjì síwájú àwọn ọ̀dọ́ mi kí wọ́n yan èyí tí ó wù wọ́n. Ọ̀nà kìíní jẹ́ ti oríkì. Ẹnìkan kì í ki ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó wà nídìí tábìlì bá rí i pé akọni kan ti gòkè, ọ̀kan nínú wọn yóò fún un ní ìlà oríkì kan lórí ohun tí ó ṣe lójú wọn, láti inú ìlà náà sì ni agbára tuntun yóò ti jáde. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ìṣirò: ìjókòó méjì fún ìpele kejì, mẹ́ta sí i fún ìkẹta, mẹ́rin sí i fún ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpele karùn-ún yóò gba ìjókòó 14, ìkẹwàá yóò gba 54, ìyẹn ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ méjì bí a bá ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo rò pé gbogbo wọn ni yóò yan oríkì. Ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Àdéhùn ọdún mẹ́rin ni àwọn òbí rẹ̀ bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe. Ó ti lo ọdún karùn-ún, ó ń gé aṣọ, ó ń rán an, àwọn oníbàárà ń béèrè òun fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀gá kò tí ì sọ̀rọ̀ fìrídọ̀ọ̀mù. Ó ní kó ṣì ní sùúrù, pé ó kù díẹ̀.

“Àǹtí,” ni ó wí, “‘ó kù díẹ̀’ yẹn ni ẹ fẹ́ kọ sínú ìwé eré yìí. Ẹ fún mi ní iye. Bí mo bá ti kà á pé, kí ẹnikẹ́ni má lè dá mi dúró.”

Kí n tó fèsì, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó wà láàrin wọn ti tako òun náà. Àgbọn ni òun àti ìyá rẹ̀ ń tà. Ọjọ́ ọjà Agbalata kì í tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, ó ń yí kiri ni. Bí ó bá ti bọ́ sí Sátidé, a kì í rí i. Bí a bá ń ka ìjókòó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Àyánkẹ́, akọni onílù tí ó ń ṣojú fún, yóò máa rẹ̀yìn títí tí iwin kan yóò fi pa á. Ṣùgbọ́n oríkì pàápàá kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wò mí, ó ní: “Àǹtí, ẹ ní ẹlòmíràn ni yóò kì mí. Bí mo bá wà lọ́jà, ta ni yóò rí mi?”

Àríyànjiyàn náà gba ìyókù ọ̀sán. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ó wà láàrin wa takú pé ẹni tí kò wá kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan. Mi ò gbà fún un. Eré ni a ń ṣe, a kò sanwó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ọmọbìnrin náà kò sì lọ sùn sílé.

Òfin tí a ń lò báyìí nìyí. Ẹgbẹ́ ni a ń ka ìjókòó fún, a kì í kà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iye bá pé, gbogbo akọni ni ó gòkè lọ́jọ́ kan náà, olùdarí kò sì ní àṣẹ láti sún un síwájú. Oríkì kò lè ṣílẹ̀kùn, kò sì lè tì í. Ohun tí akọni yóò bá nínú yàrá ni ó ń sọ. Ẹni tí kò bá wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí akọni rẹ̀ ń ṣe níbi tí ó wà, àwọn yòókù yóò sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ohun tí ó bá sọ di ara ìtàn, a sì lè fi kì í.

Nígbà tí a dé ìpele kẹrin, ọmọbìnrin náà ń ti ọjà bọ̀. Ó ní Àyánkẹ́ lọ pàtẹ àgbọn lọ́jà iwin. Aránṣọ wa ni ó bi í bí ó ṣe mọ àgbọn tí ó ti bàjẹ́ láìla á. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀: a ó gbé e sétí, a ó mì í, omi inú rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀, èyí tí kò bá dún, a ó yà á sọ́tọ̀. Ọmọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó wá kì í ní Àyánkẹ́ a-mi-àgbọn-létí-mọ-òfìfo. Agbára tí mo yọ láti inú rẹ̀ ni pé ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ó lè bi mí bóyá irọ́ ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń pa, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún un. Ó ti fi ba ìtàn méjì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìpele kẹfà ni a wà báyìí. Oríkì ti ń gùn, ó sì di dandan kí ẹni tí ó fún akọni ní ìlà kan máa rántí rẹ̀, nítorí mi ò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Aránṣọ wa ní bí a bá dé ìkẹwàá tí òun kò tí ì gba fìrídọ̀ọ̀mù, òun yóò mú àwọn ìjókòó 54 náà lọ fi han ọ̀gá òun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bébà tí a fi ń ṣírò ìjókòó ni ó fà mọ́ra, ó sì fi bírò sàmì sí ti ọjọ́ náà.