Ní Ilẹ̀ Ọyẹ́ àti Èlùbọ́: Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá gbéra ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nínú oṣù kejìlá, tó forí lé ọ̀nà àríwá, yóò rí i pé ilẹ̀ ń yí padà lójú òun kí oòrùn tó gòkè. Ní Fìdítì, ọgbà ọsàn pọ̀, ewé sì tutù. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ọ̀yọ́, igi a bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, koríko a ga ju ọmọdé lọ, a sì ti gbẹ, ó pọ́n bí ìdẹ. Eruku ọyẹ́ a bo òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí aṣọ funfun. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 100 kìlómítà péré ni Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Àwọn onímọ̀ sọ pé igbó ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Oko dídá àti iná tí a ń sun lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sọ ọ́ di ọ̀dàn. Igi tí èèpo rẹ̀ nípọn tó láti fara da iná ló kù: emi, tí a ń rí òrí lára èso rẹ̀, àti irúgbá, tí a fi ń ṣe irú. Ní àríwá sí i, níbi tí Ọ̀yọ́-Ilé wà, koríko ti jọba tipẹ́. Ẹṣin rí ibi sáré níbẹ̀, eṣinṣin tsetse tí ń fi àìsàn pa ẹṣin kò sì gbilẹ̀ tó ti inú igbó. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ jagun dé Dàhòmì, ṣùgbọ́n nínú igbó Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, agbára ẹṣin pin. Ọ̀yọ́ tí ọkọ̀ wa gbà kọjá kì í ṣe ti ìgbà náà. Aláàfin Àtìbà ló sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ láàrin ọdún 1830 sí 1840, lẹ́yìn tí ìlú àtijọ́ túká.

Ìrìn-àjò mi kì í ṣe ti afẹ́. Ìyá ọkọ mi ló ránṣẹ́ pé iṣu ti wọlé, ọyẹ́ sì ti dé, kí n wá bá òun sá gbodo. Ẹ̀yin ìyàwó ẹlẹgbẹ́ mi, ìránṣẹ́ yìí ní ìtàn, n óò sì sọ ọ́ bó tilẹ̀ ń tì mí lójú.

Ní ọdún kìn-ín-ní tí mo délé ọkọ ní Ìbàdàn, ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi ṣì tuntun. Iṣu kan wà nílé tí n kò fẹ́ kó jẹrà. Mo bó o, mo gé e, mo bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú, mo sì sá a. Oṣù keje ni. Òjò ń rọ̀, mo ń kó o wọlé. Ó dá, mo ń kó o jáde. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti bu, ojú rẹ̀ dà bí ewé. Mo fẹ́ fi ọ̀bẹ ha á, kí n gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa, mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó mi, ta ló ní kí o sá iṣu nígbà tí òjò ṣì nilẹ̀?” Ó da gbogbo rẹ̀ sí àkìtàn. Inú bí mi, n kò purọ́.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mo mọ ohun tí ìyá gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà tó bu ṣe. Májèlé inú rẹ̀ ni a ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́, ooru ìkòkò àmàlà kì í pa á run, ọ̀bẹ kò sì lè ha á tán, nítorí ó ti wọ inú lọ. Ara ọmọdé ni kò lè gbà á rárá.

Ilé ìyá kò jìnnà sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Under G, nítòsí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀. A tẹ́ gbodo wa sẹ́yìn ilé, mo sì béèrè ìdí tí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń ṣe ohun tí oòrùn oṣù keje kò lè ṣe. Ìyá ní, “Òùngbẹ ń gbẹ ọyẹ́.” Ìwé kò lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ yìí. Ọ̀kan ń ti òkun wá láti gúúsù, ó ru omi; òun ló ń borí láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá. Ìkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó gbẹ, ó ru eruku. Èyí tó mu omi yó kò lè gbà sí i. Ti aṣálẹ̀ ló ń fa omi lára iṣu, lára aṣọ, àti lára ètè ọmọ wa.

Ètè ọmọ mi là ní ọjọ́ kejì. Òrí ni ìyá fi pa á; èso emi tó bọ́ nígbà òjò ló ń wo ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn bàjẹ́. A wọ aṣọ tó nípọn fún un láàárọ̀, a sì ń fún un lómi léraléra. Ikọ́ díẹ̀ mú un, ó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń wúkọ́ tó sì ń mí kíákíá kíákíá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró de òrí.

Ìyá kì í jẹ́ kí a fi iná ìdáná sílẹ̀ láìpa. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Wọ́n ti tún un kọ́, ṣùgbọ́n ọjà tó jóná mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́ kò padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ìkùukùu ṣú. Ìyá jí gbogbo wa láti kó gbodo wọlé. Òjò kò rọ̀. Ó ní òun kì í fi oṣù ka ọyẹ́ mọ́, nítorí oṣù ti ń purọ́; ètè òun ló ń sọ fún òun. Ní ọjọ́ kẹfà, ó mú gbodo kan, ó ṣẹ́ ẹ létí mi. Ó dún kè. Ó ní kí n lọ gbé àpò wá.