Ìjà Nìkan Ha Ni Bọ́ọ̀lù Kánò Bí?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Shooting Stars ti Ìbàdàn wá bá Kano Pillars gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Sani Abacha. Ọ̀mì 1–1 ni wọ́n gbá. Lẹ́yìn náà ni àwọn òǹwòran ya wọ inú pápá, wọ́n sì kọlu àwọn àlejò. Àwọn alákòóso líìgì yọ àmì 3 kúrò nínú ti Pillars, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ gbá bọ́ọ̀lù wọn ní Katsina.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tilẹ̀ béèrè àlàáfíà ilé. Ó ní, “Àbúrò mi, fi ọmọ yẹn ránṣẹ́ wálé o. A ti gbọ́ ọ ní rédíò.” Ọmọkùnrin mi kejì ni ó ń wí. Ọmọ ọdún 16 ni, bọ́ọ̀lù ni ó sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun.

Kí n má purọ́, ẹ̀rù ba èmi náà. Mo ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, èyí tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lẹ ìròyìn bọ́ọ̀lù mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ṣí i. Wọ́n lu rẹfirí. Wọ́n fọ́ ọkọ̀ Katsina United ní 2022. Àwọn agbébọn yìnbọn fún agbábọ́ọ̀lù Pillars 5 lọ́nà Owerri ní 2015. Mo bi í pé, “Ṣé iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe nìyí?”

Ó dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé.”

Lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi kọ ti ibẹ̀. Pillars gba ife líìgì ní 2008, 2012, 2013 àti 2014. Ahmed Musa gbá góòlù 18 fún wọn ní sáà 2009–10. Shooting Stars náà wà níbẹ̀: ní 1976, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC, àwọn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Àyọrísí bọ́ọ̀lù ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì kún ojú ewé púpọ̀.

Ọmọ náà ní, “Ìjà a máa gba odindi ojú ewé. Góòlù kì í ju ìlà kan lọ, kò ṣeé gé.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni ìjà yẹn, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀, nítorí a kì í gba àlejò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ará Sabon Gari mọ bí ó ti ń rí. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 1953, bí a bá dárúkọ àdúgbò wa nílé, wàhálà ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Ta ni ó ń kọ ọ́ pé a gbé ìyàwó, a sọ ọmọ lórúkọ, a sì ń bá aládùúgbò wa Hausa ṣeré? Ìwé kékeré tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ni.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà. Mo ní ọmọ kò tíì wálé, ṣùgbọ́n kò ní lọ sí pápá láìsí àgbàlagbà pẹ̀lú rẹ̀. Inú rẹ̀ kò tíì yọ́ sí mi. Mo ti ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé náà, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wo bọ́ọ̀lù, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá pe ilé, ẹ sọ ti góòlù pẹ̀lú.