Ọmọ Kì í Ṣáájú Baba Dáyé

Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé irú Neanderthal tí wọ́n hú egungun rẹ̀ nínú ihò àpáta Kebara, lórí òkè Kámẹ́lì ní Ísírẹ́lì, ni baba ńlá àwọn ènìyàn òde òní tí wọ́n sin sí ihò Qafzeh, lẹ́bàá Násárẹ́tì. Ìrísí egungun ni wọ́n gbójú lé. Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí ohun àtijọ́ kò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí agbára rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún.

Eyín ẹranko ló tú àṣírí. Awọ funfun líle tó bo eyín a máa gba ìtànṣán láti ara erùpẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àmì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wọn àmì náà, tó sì mọ iye tí eyín ń gbà lọ́dún kan, yóò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Yùréníọ̀mù ló ń da ìṣirò rú: omi ilẹ̀ ló ń gbé e wọ inú eyín, ta ló sì rí ọjọ́ tó wọlé? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ iye méjì sílẹ̀, ìwà òótọ́ tó yẹ kí a yìn.

Lọ́dún 1988, eyín Qafzeh fi nǹkan bí 96,000 ọdún hàn lọ́nà kan, 115,000 lọ́nà kejì. Òkúta tí iná jó nínú ihò kan náà sọ pé 92,000. Ti Kebara ńkọ́? Nǹkan bí 60,000 péré. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ ti wà lórí ilẹ̀ yẹn fún ọdún tó lé ní 30,000 kí ẹni tí wọ́n fi ṣe baba rẹ̀ tó dé.