Kékeré Ni Abẹ́rẹ́: Ẹ̀rọ Amúnáwá àti Òṣìṣẹ́ Orí Òpó

Yorùbá ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun tí adìyẹ ń gbé mì. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí iná ọba bá lọ, tí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá kéékèèké tí a ń pè ní "I pass my neighbour" bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní àdúgbò wa.

Ariwo àti èéfín wọn ni a máa ń ráhùn sí. Ewu tí ń gba inú wáyà lọ bá ẹlòmíràn ni a kì í sábà mẹ́nu bà. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ṣéńjóvà. Wáyà tí orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ púlọ́ọ̀gì ni wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ pa súìṣì àgbà tó wà lẹ́bàá mítà, iná ẹ̀rọ yóò gba ibẹ̀ padà sórí òpó, níbi tí òṣìṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti ń tún wáyà ṣe, tí ó gbà pé kò sí iná níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni iná ẹ̀rọ kékeré yìí fẹ́ fi èèyàn ṣe?" Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 650 lè gbé iná tó tó ampere 3 jáde ní fólìtì 220. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ampere kan péré, bí ó bá gba àyà kọjá, tó láti da ọkàn ènìyàn rú. Tírànsífọ́mà pàápàá kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bí ó ti ń rẹ fólìtì 11,000 sílẹ̀ sí 415 fún wa, bẹ́ẹ̀ ni ó lè gbé iná tó ti ilé wa wá ga padà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pàápàá bí wáyà bá ti já, tí ẹrù àdúgbò kò sí lọ́rùn ẹ̀rọ náà mọ́.

Ó ní òun kì í gbàgbé láti pa súìṣì náà. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé ńkọ́, tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ tan ẹ̀rọ lóru? Ẹ̀mí òṣìṣẹ́ kò yẹ kó rọ̀ mọ́ ìrántí ẹnikẹ́ni. Ṣéńjóvà kò lè so ilé mọ́ ẹ̀rọ láì kọ́kọ́ já a kúrò lára iná ọba.

Ojúṣe wà lọ́rùn ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà: kí wọ́n fi téṣítà yẹ wáyà wò, kí wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀ ní apá méjèèjì ibi iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ má sì máa fi owó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́. Síbẹ̀, kí onílé ra ṣéńjóvà, kí ayálégbé sì béèrè rẹ̀ kó tó sanwó ilé. Ẹni tó wà lórí òpó kò lè mọ ilé tí iná náà ti wá. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ ni a mọ̀.